Kí Ọmọ Tó Gbé Ọwọ́ Sókè: Ẹ̀kọ́ fún Òbí Lórí Ọmọ Oníjà

Ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lórí ọmọ tí ó ń jà káàkiri, tí kì í gbọ́ràn, tí olùkọ́ ń fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn lójoojúmọ́.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí wá nìyí. Ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún 10, wà ní ilé kéwú wa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹnì kejì rẹ̀ fẹsẹ̀ tẹ wàláà rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dìde fún ìrun Aláàsárì. Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti fi wàláà náà gbá a lórí, ẹ̀jẹ̀ sì jáde. Mo nà án. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó tún jà, mo tún nà án. Kò sí ìyàtọ̀. Ìyá rẹ̀ wá bá mi ní ìsọ̀ mi ní ọjà Igbudu pẹ̀lú omijé. Ó ní, "Ààfáà, ó ti sú mi. Wọ́n júwe ilé kan fún mi tí wọ́n ti ń de irú ọmọ báyìí mọ́lẹ̀ títí tí yóò fi gbọ́ràn. Ẹ bá mi mú un lọ." Mo ní, "Àlájà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní oṣù kan."

Ẹ̀rù bà mí nítorí n kò tí ì gbàgbé ọdún 2019. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, àwọn ọlọ́pàá rí ènìyàn tí ó lé ní 300 nínú ilé kan ní Kàdúná, ọmọdé wà nínú wọn, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sì wà lẹ́sẹ̀ àwọn kan. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n tún rí ènìyàn 259 nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Òjòó, Ìbàdàn. Ẹbí ni ó mú ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ síbẹ̀ kí ìwà wọn lè tún ṣe. Orúkọ ẹ̀sìn wa ni wọ́n fi bo ilé méjèèjì. Ìtìjú ni èyí jẹ́ fún àwa olùkọ́ kéwú.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà. Ìbátan mi kan tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn ni ó là mí lóye. Ní ọdún 2016, Dókítà Jibril Abdulmalik àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olayinka Omigbodun wà nínú wọn, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ méjì ní Ìbàdàn, wọ́n sì mú ọmọ 20 tí ìjà wọn pọ̀ jù ní kíláàsì karùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn 20 ti ilé ẹ̀kọ́ kan jókòó pa pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà láti kọ́ bí a ti ń yanjú ọ̀ràn láìjà. Àwọn 20 ìyókù kò gba ẹ̀kọ́ náà. Ní ìparí, àwọn olùkọ́ jẹ́rìí pé ìjà àwọn tí ó gba ẹ̀kọ́ dín kù gidigidi ju ti àwọn ìyókù lọ. Ọ̀rọ̀ àti ìdánrawò ni wọ́n lò, kì í ṣe ẹgba.

Ẹ̀ka kan ni èyí lára ìtọ́jú tí àwọn dókítà ń pè ní CBT, èyí tí Dókítà Aaron Beck fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1960. Kókó rẹ̀ ni pé ohun tí ènìyàn rò nípa ọ̀ràn ni ó ń bí i nínú, inú bíbí ni ó sì ń gbé ọwọ́ sókè. Kò ṣàjèjì sí Mùsùlùmí. Abu Zayd al-Balkhi, tí ó kú ní ọdún 934, kọ ìwé lórí ìtọ́jú ara àti ọkàn. Ó gba ènìyàn níyànjú kí ó kó èrò rere pa mọ́ ní ọjọ́ tí ara tù ú, kí ó lè rí i lò ní ọjọ́ ìbínú.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀kọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní, ìfura. Ọmọ oníjà a máa rò pé ńṣe ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe òun. Ní Warri wa níbí, bí ojú bá ṣe ojú lásán, ẹ ó gbọ́ "Na me you dey look?", ìjà dé. Ẹ bi ọmọ náà pé: kí ni ohun mìíràn tí ó lè fà á? Bóyá ẹni náà kò rí wàláà. Súúrà Al-Hujurat, áyà 12, kìlọ̀ fún wa nípa àbá burúkú dídá.

Èkejì, àmì ìbínú. Igi gańgań kò gbọdọ̀ gún wa lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí ọmọ mọ ìgbà tí àyà rẹ̀ ń lù, tí ọwọ́ rẹ̀ ń di ẹ̀ṣẹ́. Nígbà náà, kí ó mí kanlẹ̀, kí ó ka ení dé ẹ̀wá. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé kí ẹni tí inú bí ní ìdúró jókòó, bí kò bá sì lọ, kí ó dùbúlẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ọ̀nà àbáyọ. Kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, kí ó dárúkọ ọ̀nà mẹ́ta tí ó lè gbà, kí ó ro ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò já sí, kí ó mú èyí tí ó dára jù, kí ó sì padà wá sọ bí ó ti rí.

Ẹ̀kẹrin, ìdánrawò láàárín ẹgbẹ́. Ọmọ kì í dá nìkan jà, nítorí náà àárín ẹgbẹ́ ni kí ó ti kọ́ àìjà. Kí ẹnì kan ṣe bí ẹni tẹ wàláà, kí èkejì dáhùn dáadáa, kí a sì yìn ín. Gẹ́gẹ́ bí a ti ń tún Fátíà kà títí yóò fi mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni èyí.

Ẹ ṣọ́ra níbí o. Ní ọdún 1999, Thomas Dishion àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé bí a bá kó àwọn ọ̀dọ́ oníwàhálà jọ, wọ́n lè kọ́ ara wọn ní ìwà tí ó burú sí i. Kí àgbàlagbà máa darí wọn, kí a má sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti fi ìjà yangàn.

Ẹ̀yin òbí, ilé ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Ẹ má pe ọmọ yín ní ọmọ burúkú. Ẹ yìn ín ní ọjọ́ tí ó bá kó ara rẹ̀ níjàánu. Bàbá tí ń gbá ìyàwó rẹ̀ létí lójú ọmọ, ẹ̀kọ́ ìjà ni ó ń kọ́ ọ.

Èmi kì í ṣe dókítà. Bí ọmọ bá ń pa ara rẹ̀ lára, tí ó ní òun fẹ́ kú, tí ó ń dáná sun nǹkan, tàbí tí ìwà rẹ̀ yí padà lójijì, ẹ má fi falẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ fún àrùn ọpọlọ wà ní Uselu, ní Benin, kò jìnnà sí wa.

Oṣù kan pé. Ọmọ wa yìí jà lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù náà, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, wọ́n tì í níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá. Ó di ẹ̀ṣẹ́, ó wò mí, ó sì jókòó. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ààfáà, bóyá kò rí mi ni." Ìyá rẹ̀ kò dárúkọ ilé yẹn mọ́.

Kí Ọlọ́hun bá wa tọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín. Máà sàlámù.