Àbúrò Mi, Bí Lyme Bá Ń Bá Ọ Fínra Tí Wọ́n sì Fẹ́ Yọ Ilé Ọmọ Rẹ

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ abẹ́ aṣọ ni mo fẹ́ bá ọ sọ, irú èyí tí àwa obìnrin máa ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú, tí a ó sì tu itọ́ funfun jáde. Ìwọ tó ń gbé ní Connecticut, ní Maryland tàbí ní Massachusetts, tí àìsàn Lyme tí eégbọn máa ń kó ran èèyàn ti ń yọ lẹ́nu láti ọjọ́ pípẹ́, tí ìju (fibroid) tún mú kí nǹkan oṣù rẹ máa ya láìdáwọ́ dúró, tí dókítà sì ti dá yíyọ ilé ọmọ lábàá, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Èmi náà ti gba ọ̀nà yẹn kọjá, mo sì mọ ibi tí ẹ̀gún wà níbẹ̀.

Ohun kan ni kí o fi sọ́kàn jálẹ̀: má ṣe di gbogbo ìnira rẹ ru Lyme. Mọ èyí tó jẹ́ ti Lyme, mọ èyí tó jẹ́ ti ilé ọmọ, kí o sì mọ èyí tí iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ mú wá. Bí o kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, o lè máa tọ́jú ọ̀kan, kí èkejì sì máa jẹ ọ́ run lábẹ́lẹ̀.

Àárẹ̀ yìí, ti ta ni?

Ní 1975, ìyá kan tó ń jẹ́ Polly Murray, tó ń gbé ní ìlú Lyme ní Connecticut, kọ̀ láti gbà pé oríkèé tó ń wú ará ilé rẹ̀ àti àwọn ọmọ àdúgbò kò nídìí. Ó ké sí àwọn aláṣẹ ètò ìlera títí wọ́n fi dá a lóhùn, Dókítà Allen Steere ti Yunifásítì Yale sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ní 1981, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Willy Burgdorfer rí kòkòrò tó ń fa àìsàn náà lára eégbọn, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe kòkòrò ọ̀hún: Borrelia burgdorferi. Obìnrin tí kò jẹ́ kí wọ́n pa òun lẹ́nu mọ́ wà lára àwọn tó jẹ́ kí ayé mọ Lyme. Nítorí náà, bí o bá sọ pé ara ń ro ọ́, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé o kàn ń rò ó ni.

Àwọ̀ dúdú wa tún dá kún ọ̀rọ̀ náà. Àmì pupa rìbìtì tí Lyme máa ń mú jáde lára kì í hàn ketekete lára wa. Ó lè dà bí ibi tí èèyàn ti fi ara gbá nǹkan lásán. Nípa bẹ́ẹ̀, àìsàn náà lè dé oríkèé tàbí iṣan kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá tètè mọ̀ máa ń lo doxycycline, oògùn apakòkòrò kan, fún ọ̀sẹ̀ bíi méjì, ara ọ̀pọ̀ wọn a sì yá. Àwọn kan wà, bíi tèmi tìrẹ, tí àárẹ̀, ìrora àti orí tó ṣú kò fi sílẹ̀ lẹ́yìn ìtọ́jú. Àwọn dókítà kò fẹnu kò lórí ohun tó ń fà á, kódà orúkọ tí wọn yóò pè é ń fa àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí ìjọba Amẹ́ríkà náwó sí fi hàn pé lílo oògùn apakòkòrò fún ọ̀pọ̀ oṣù kò mú ara yá ju oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú lọ, ó sì ní ewu tirẹ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà lè máa sọ pé Lyme wà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìtọ́jú, nítorí ohun tí ara fi bá kòkòrò jà ló ń wá, kì í ṣe kòkòrò náà fúnra rẹ̀.

Wá wo ti ìju. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ó ju 80 lọ nínú 100 obìnrin dúdú tí ìju máa ń wà lára wọn kí wọ́n tó pé ẹni 50 ọdún. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ lóṣooṣù, ẹ̀jẹ̀ kò ní í tó lára rẹ̀. Àìtó ẹ̀jẹ̀ sì ń fa àárẹ̀, òòyì, àyà tó ń lù kìkì, àti kí ọ̀rọ̀ máa fò lọ lórí èèyàn. Ṣé o rí i pé ohun tí à ń pè ní ti Lyme náà nìyẹn? Kí ẹnikẹ́ni tó mú abẹ dání, ní kí wọ́n yẹ iye ẹ̀jẹ̀ rẹ àti iye irin tó wà ní ìpamọ́ lára rẹ wò. Ferritin ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò kejì yìí.

Bí wọ́n bá fún ọ ní oògùn irin, tí o sì ń lo doxycycline, má ṣe gbé wọn mì pọ̀. Irin kì í jẹ́ kí doxycycline wọ ara dáadáa. Fi wákàtí mélòó kan sí àárín wọn, kí o sì béèrè lọ́wọ́ apoògùn bí ó ṣe yẹ kí o tò wọ́n. Bí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ bá ti sún mọ́lé, béèrè bóyá wọ́n lè fa irin sí ọ lára láti inú iṣan.

Kí o tó fọwọ́ sí ìwé

Béèrè bóyá ọ̀nà mìíràn ṣì wà. Wọ́n lè yọ ìju nìkan kí wọ́n fi ilé ọmọ sílẹ̀. Wọ́n lè dí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ìju pa kí ó lè sún kì. Oògùn wà, ohun kékeré tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ láti dín ẹ̀jẹ̀ kù náà wà. Bí o bá ti gbé gbogbo èyí yẹ̀ wò, tí yíyọ ilé ọmọ sì jẹ́ ohun tí ọkàn rẹ gbà, kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, béèrè ohun tí wọn yóò yọ gan-an. Ṣé wọn yóò fi ọrùn ilé ọmọ sílẹ̀? Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ibẹ̀ kò tíì tán fún ọ. Ṣé àpò ẹyin méjèèjì yóò dúró? Bí wọ́n bá dúró, omi ara obìnrin (họ́mọ́ùnù) ṣì ń jáde lára rẹ. Bí wọ́n bá yọ méjèèjì, ọjọ́ yẹn gan-an ni ìgbà àgbà (menopause) yóò dé bá ọ lójijì. Béèrè ọ̀nà tí wọn yóò gbà ṣe é pẹ̀lú. Ẹni tí wọ́n gba ojú ara tàbí ihò kéékèèké lára ikùn ṣe iṣẹ́ abẹ fún máa ń tètè gbádùn ju ẹni tí wọ́n la ikùn rẹ̀ lọ.

Kí n sì sọ òótọ́ fún ọ: yíyọ ilé ọmọ kò wo Lyme. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya ni yóò dá. Bí o bá lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìrètí pé gbogbo ìrora oríkèé yóò pòórá, ìjákulẹ̀ ni yóò kí ọ káàbọ̀ nígbà tí o bá jí.

Ohun tí dókítà oorun gbọ́dọ̀ gbọ́ lẹ́nu rẹ

Lyme lè dé ọkàn, kí ó sì da bí ọkàn ṣe ń lù rú. Bí o bá ti dákú rí, tàbí tí ọkàn rẹ ń lù ségesège, sọ ọ́ fún dókítà tó ń fún aláìsàn ní oògùn oorun, kí o sì béèrè àyẹ̀wò ECG. Bí wọ́n bá fi rọ́bà tín-ín-rín sí iṣan apá rẹ fún oògùn, má fi pamọ́. Bí o bá ti lo apakòkòrò fún ìgbà pípẹ́, sọ ọ́, nítorí ìgbẹ́ gbuuru tí kò dá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ nílò àyẹ̀wò kíákíá. Sọ ìwọ̀n ìrora tí ò ń bá jí lójoojúmọ́ pẹ̀lú, kí àwọn nọ́ọ̀sì lè mọ èyí tó jẹ́ tuntun.

Kọ gbogbo ewé, egbò àti àgbo tí ò ń lò sílẹ̀. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wa ń lò wọ́n. Àwọn olùwádìí ní Johns Hopkins kópa nínú iṣẹ́ kan tó jáde ní 2020, níbi tí Cryptolepis, egbò ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n fi ń wo ibà ní Ghana, ti pa kòkòrò Lyme nínú àwo ìwádìí. Ṣùgbọ́n ara èèyàn kì í ṣe àwo. Ginkgo, ginseng àti oògùn oníhóró tí wọ́n fi aáyù ṣe lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa jáde jù; St. John's wort lè da iṣẹ́ oògùn mìíràn rú. Àwọn dókítà sábà máa ń ní kí a dá irú wọn dúró ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú iṣẹ́ abẹ.

Tún ilé ṣe sílẹ̀

Bí wọ́n bá la ikùn rẹ, ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni wọ́n máa ń dá fún ìsinmi. Ìwọ tí Lyme wà lára rẹ, fi kún un nínú ètò rẹ. Òfin FMLA ti 1993 fún òṣìṣẹ́ tó bá kúnjú ìwọ̀n láyè láti gba ìsinmi tó tó ọ̀sẹ̀ 12 láìgba owó, kí iṣẹ́ rẹ̀ má sì bọ́. Lọ bá ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ní kùtùkùtù.

Se ọbẹ̀, kí o pín in sínú ike kéékèèké, kí o sì kó o sínú fírísà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: bí àwọn ará ìjọ tàbí ẹgbẹ́ bá béèrè ohun tí wọ́n lè ṣe, yan iṣẹ́ fún wọn. Ẹnì kan á gbé ọmọ lọ sílé ìwé, ẹnì kan á fọ aṣọ. Fún ọ̀sẹ̀ 6, má ṣe gbé ohun tó wúwo ju nǹkan bíi kílò 4 ààbọ̀ lọ. Àpò ìrẹsì jìnnà sí ọ. Àmàlà ńlá kọ́ ni ìwọ yóò rò. Ọmọ tó ń sunkún kí o pọ̀n òun, jókòó kí wọ́n gbé e lé ọ lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí o bá jí

Máa rìn díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì sí ọ lẹ́sẹ̀. Rìn nínú ilé tàbí lójú títì ọlọ́dà, kì í ṣe nínú koríko, pàápàá láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Keje tí ọmọ eégbọn wẹ́wẹ́ pọ̀ jù. Lyme tó ti ṣe ọ́ rí kò ní kí òmíràn má mú ọ. Mu omi dáadáa, jẹ ẹ̀fọ́ àti ìbẹ́pẹ, torí oògùn ìrora máa ń mú kí ìgbẹ́ le.

Àárẹ̀ lè pọ̀ sí i fún ìgbà díẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ohun ìyanu. Ṣùgbọ́n bí ara rẹ bá gbóná dé 38°C, tí ẹ̀jẹ̀ bá ń rin páàdì kan gbingbin láàárín wákàtí kan, tí ohun tó ń jáde lójú ara bá ń rùn, tí ẹsẹ̀ kan bá wú, tàbí tí èémí kò bá já gaara, má ṣe sọ pé "Lyme mi náà ló tún dé." Pe ilé ìwòsàn. Èémí tí kò já gaara tàbí àyà tó ń dùn, 911 ni kí o pè.

Bí wọ́n bá yọ àpò ẹyin rẹ, ooru yóò máa bo ọ́, òógùn yóò máa rin aṣọ oorun rẹ. Béèrè nípa oògùn tó ń rọ́pò omi ara obìnrin, pàápàá bí o kò bá tíì pé ẹni 45 ọdún, nítorí eegun àti ọkàn rẹ nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òógùn náà bá bá ibà àti òtútù rìn, rántí pé eégbọn kan náà lè gbé Babesia, kòkòrò tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, tó sì jọ kòkòrò ibà wa nílé nígbà tí wọ́n bá fi awò wò ó. Ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Èyí tí wọn kì í sọ síta

Wọn yóò sọ fún ọ pé obìnrin tí kò ní ilé ọmọ mọ́ ti di ọkùnrin, tàbí pé yóò padà wá sáyé láìní i. Má gbà á. Bí ọkàn rẹ bá bàjẹ́, sunkún; ohun tó jẹ́ tìrẹ ló lọ. Bá ọkọ rẹ sọ ọ́ ṣáájú: kò sí ìbálòpọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ 6, tàbí títí dókítà yóò fi yọ̀ǹda. Lẹ́yìn náà, adùn ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló gbádùn rẹ̀ ju tàtẹ̀yìnwá lọ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ àti ìrora ti dá.

Ra ìwé kékeré kan, kí o fa ìlà mẹ́ta sí i: Lyme, iṣẹ́ abẹ, èmi kò mọ̀. Kọ ohun tó ṣe ọ́ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá pè ọ́ wọlé, mú un dání, mú ẹnì kan tó lè sọ̀rọ̀ dání pẹ̀lú, kí o sì ka ìlà kẹta yẹn sókè: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá ẹni tó ni èyí." Má dìde níbẹ̀ títí wọn yóò fi dá ọ lóhùn.