Síkáànì Kì í Ṣe Ti Aboyún Nìkan

Lẹ́tà kan láti Ibido, ní Ṣágámù, ń béèrè ohun tí ẹbí lè ṣe sí ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tí táífọ́ọ̀dù dá ìfun rẹ̀ lu, tí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ṣùgbọ́n tí ibà kò fi í sílẹ̀ láti ìgbà náà, tí ìsúkè ń yọ ọ́ lẹ́nu, tí èjìká ọ̀tún sì ń dùn ún. Dókítà ní kí ó lọ ya síkáànì. Ó kọ̀, ó ní aboyún ni wọ́n ń yà á fún.

Ìgbàgbọ́ yìí ti ń dá aláìsàn dúró sílé jù, ó sì yẹ kí ó kúrò nílẹ̀ pátápátá. Nígbà tí oníṣègùn Ian Donald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow tẹ ìwádìí wọn lórí ẹ̀rọ síkáànì jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet ní 1958, kókó inú ikùn ni àkọlé rẹ̀ dá lé, kì í ṣe oyún. Ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ ni ẹ̀rọ náà ń rán wọ inú ara, tí ó sì ń fi bí ìró náà ṣe ń ta padà ya àwòrán. Ìró yìí kò mọ akọ, kò mọ abo, bí ó ṣe ń fi ọmọ inú hàn náà ni ó ń fi ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti omi tí kò yẹ kí ó wà nínú ikùn hàn. Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀ fún ọkùnrin.

Ohun tí dókítà ń wá lára ọkùnrin yìí ni ọyún, ìyẹn omi ìdíbàjẹ́ tí egbò máa ń sun, tí ó ṣeé ṣe kí ó ti kó jọ sábẹ́ iṣan pẹlẹbẹ tí ó pààlà sáàárín àyà àti ikùn. Egungun ìhà bo ibẹ̀, ọwọ́ dókítà kò lè kàn án. Bí ọyún bá ń ta iṣan náà, ìsúkè a máa mú ènìyàn, ìrora a sì máa yọ léjìká. Ní apá ọ̀tún, ẹ̀dọ̀ ń jẹ́ kí síkáànì ríran dáadáa; ní apá òsì, afẹ́fẹ́ inú àpòlúkù máa ń dí i lójú, ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè béèrè fún àwòrán CT, tí ó ń fi ìtànṣán X-ray wo ara ní ìpele-ìpele. Àwọn ẹ̀rọ yìí kan náà ni wọ́n fi ń darí abẹ́rẹ́ tí ó ń fa ọyún jáde, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í nílò iṣẹ́ abẹ kejì.

Ibà tí ó bá tẹ̀lé iṣẹ́ abẹ ikùn kì í ṣe ibà tí ènìyàn ń se àgbo fún. Oògùn kẹ́mísì lè rọ̀ ọ́ lójú fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í wọ inú ọyún tí ó ti kó jọ dáadáa, ọyún náà sì lè ya wọ inú àyà. Kí ẹbí mú ọkùnrin náà padà sọ́dọ̀ dókítà tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ náà lónìí. Bí ìyẹn bá jìnnà, Ilé-ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Fásitì Olabisi Onabanjo wà ní Ṣágámù níbẹ̀, kí wọ́n sì mú ìwé iṣẹ́ abẹ náà dání.