Lẹ́tà sí Ọmọ Àbúrò: Owó Olùtọ́jú Ọmọ Nígbà Tí Àìsàn Bá Dé

Ọmọ àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Àìsàn ọmọ yàtọ̀ sí àìsàn ẹni tó ń tọ́jú ọmọ. Ibi tí a bá ti da méjèèjì pọ̀ ni ọ̀rọ̀ owó ti ń di fà-á-ká-ja-á láàárín òbí àti olùtọ́jú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ara ọmọ ni kò bá yá, òbí a máa san owó ọjọ́ náà. Bí olùtọ́jú ló bá dùbúlẹ̀ tí kò lè ṣílẹ̀kùn, òbí kì í sábà san. Kì í ṣe àánú tàbí ìkà ló fà á. Irú iṣẹ́ tí olùtọ́jú ń ṣe ló fà á.

Olùtọ́jú ọmọ, tí gbogbo èèyàn níbẹ̀ ń pè ní childminder, ń gba ọmọ ọlọ́mọ sínú ilé tirẹ̀, òun sì ni ọ̀gá ara rẹ̀. Òfin ìtọ́jú ọmọdé ọdún 2006 ní kí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ofsted, àjọ tó ń bójú tó ìtọ́jú ọmọ níbẹ̀, tàbí lábẹ́ iléeṣẹ́ aṣojú tí Ofsted fọwọ́ sí. Òun fúnra rẹ̀ ló ń san owó-orí, owó adójútòfò, owó iná àti owó oúnjẹ àwọn ọmọ. Kò ní agbanisíṣẹ́ tí yóò san owó àìsàn fún un. Ti nanny tó ń wá tọ́jú ọmọ nílé òbí kò rí bẹ́ẹ̀: òṣìṣẹ́ òbí ni òfin sábà ń kà á sí. Bí nanny náà bá lẹ́tọ̀ọ́ sí i lábẹ́ òfin, òbí ló gbọ́dọ̀ san owó àìsàn rẹ̀, tó jẹ́ £118.75 lọ́sẹ̀ ní ọdún owó-orí 2025 sí 2026, kò sì ní ju ọ̀sẹ̀ 28 lọ. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ló ń wáyé nítorí pé ẹnì kan gbọ́ òfin nanny, ó sì lọ fi dá ẹjọ́ childminder.

Àìsàn ọmọ ló máa ń dun òbí jù, pàápàá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ní Nàìjíríà dé. “Ọmọ ò lọ, kí ni mo wá ń sanwó fún?” Nílé, ìyá àgbà ló ń pọn ọmọ, aṣọ àti ẹ̀bùn la fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ka ọjọ́. Ṣùgbọ́n àyè ni òbí ń san owó fún lọ́dọ̀ olùtọ́jú. Òfin kò gbà á láyè láti tọ́jú ju ọmọ mẹ́fà tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tí kò tíì tó ọdún márùn-ún nínú wọn kì í sì í sábà ju mẹ́ta lọ. Ọmọ tó bì tàbí tó ya ìgbẹ́ gbuuru kò gbọdọ̀ padà síbẹ̀ títí wákàtí 48 yóò fi kọjá lẹ́yìn èyí tó ṣe kẹ́yìn. Ẹni tí chickenpox mú yóò dúró sílé títí gbogbo ojú egbò ara rẹ̀ yóò fi gbẹ. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, olùtọ́jú kò lè gba ọmọ mìíràn ní Monday kí ó tún lé e jáde ní Thursday. Àga kékeré tí ọmọ fi ń jẹun ṣófo, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lókè ìkọ́ tí wọ́n ń fi kóòtù rẹ̀ kọ́, owó ilé kò sì dín. Àwọn olùtọ́jú mìíràn máa ń gba ìdajì owó ọjọ́ náà. Èyí tó bá wà nínú ìwé àdéhùn ni kí á tẹ̀ lé.

Bákan náà ni ti olùtọ́jú tó dá ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná padà lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni owó ọjọ́ náà, nítorí àwọn ọmọ yòókù ló ń dáàbò bò. Òbí tó fún ọmọ ní paracetamol olómi ní aago mẹ́fà àárọ̀ kí ibà má bàa hàn títí di ọ̀sán ń fi ọmọ tirẹ̀ àti ọmọ ọlọ́mọ sínú ewu, kò sì yẹ kí owó ọjọ́ kan sún ẹnikẹ́ni débẹ̀.

Nígbà tí olùtọ́jú fúnra rẹ̀ bá ń ṣàìsàn, ká ní owó ọjọ́ kan jẹ́ £60. Àtẹ̀jíṣẹ́ dé ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ pé kò lè dìde. Ìyá ọmọ yóò wá ẹlòmíràn tí yóò gba owó tirẹ̀, tàbí kí ó má lọ síbi iṣẹ́. Òfin iṣẹ́ ọdún 1996 fún un láyè láti dúró ṣètò ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ di dandan kí ọ̀gá san owó àkókò náà fún un. Bí ó bá tún san £60 fún ẹni tó dùbúlẹ̀, ó ti san owó ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà kò jẹ gbèsè, àfi bí ìwé àdéhùn bá sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé pàápàá ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ: lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ọdún 2015, àdéhùn tó bá rẹ́ oníbàárà jẹ kò lè dè é, èyí tó bá ní kí òbí máa sanwó ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀ fún iṣẹ́ tí a kò ṣe sì lè bọ́ síbẹ̀.

Síbẹ̀, ó yẹ kí òbí ro ọ̀rọ̀ náà kọjá owó. Obìnrin tó mọ̀ pé òun ò ní rí kọ́bọ̀ gbà bí òun bá ti ilẹ̀kùn lè gbé oògùn mì, kí ó sì fi ara gbígbóná gba ọmọ mẹ́ta sílé. Ọmọ oṣù mẹ́wàá tó ń rá kiri nílẹ̀ nílò ẹni tó lè sáré dìde. Ààbò ọmọ náà wà lọ́wọ́ bí ó ṣe rọrùn tó fún olùtọ́jú láti sọ òótọ́ nípa ìlera rẹ̀. Fún òbí tó bá lágbára, ó dára kí wọ́n jọ fẹnu kò sí ọjọ́ mẹ́ta tàbí márùn-ún lọ́dún tí yóò san ìdajì owó fún bí olùtọ́jú bá ń ṣàìsàn. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú, kí ó má bàa jọ sàráà. Olùtọ́jú náà ní ojúṣe tirẹ̀: kí ó ti ro ọjọ́ àìsàn mọ́ iye tó ń gbà, kí ó sì máa san owó National Insurance déédéé, nítorí ẹni tí sísan rẹ̀ bá péye lè béèrè owó ìrànwọ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní Employment and Support Allowance. Ọjọ́ méje àkọ́kọ́ kò sí nínú owó náà.

Bí ọmọ tí olùtọ́jú bí ló ní àrùn tó ń ràn, tí ó sì ti ilé nítorí rẹ̀, bí àìsàn tirẹ̀ ni kí á kà á. Bí àìsàn olùtọ́jú bá gùn di oṣù, òbí lẹ́tọ̀ọ́ láti wá ibòmíràn lẹ́yìn ìkìlọ̀ tí àdéhùn sọ. Wákàtí ìtọ́jú ọmọ tí ìjọba ń fún òbí lọ́fẹ̀ẹ́ ní ìlànà tirẹ̀. Láti September 2025, òbí tó ń ṣiṣẹ́, tó sì yẹ lábẹ́ ìlànà, ń rí wákàtí 30 lọ́sẹ̀ gbà fún ọ̀sẹ̀ 38 lọ́dún, láti sáà ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé ìgbà tí ọmọ bá pé oṣù mẹ́sàn-án. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń san owó wọn, ìlànà rẹ̀ ló sì ń sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọmọ kò bá lọ tàbí bí olùtọ́jú bá ti ilé.

Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ti bẹ̀rẹ̀ sí í polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World kí ìdílé aláwọ̀ funfun lè bá wọn gba ọmọ tọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu àti lẹ́tà ni àdéhùn wọn sábà máa ń jẹ́. Lóde òní, kò sí ìdí tí ó fi yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí ọmọ tó sun oorun ọ̀sán àkọ́kọ́ nílé olùtọ́jú ni kí ìwé ti wà nílẹ̀, kí tọ̀tún tòsì fọwọ́ sí i, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀dà tirẹ̀. Kí ó sọ ẹni tó ń sanwó bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, bí olùtọ́jú bá ń ṣàìsàn, bí ọmọ olùtọ́jú bá ń ṣàìsàn. Kí ó sọ aago tí ìròyìn gbọ́dọ̀ ti dé láàárọ̀, àti bóyá olùtọ́jú mìíràn wà tí ó lè rọ́pò rẹ̀. Kí wọ́n sì tún un kọ nígbà tí wákàtí ọmọ bá yí padà tàbí tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba wákàtí ọ̀fẹ́, torí iye tó ń jáde lápò òbí ti yí padà nìyẹn.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ.