Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ìrántí Abraham Wald

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìrántí, ẹ má rò pé oríkì olóògbé ni wọ́n fẹ́ máa kì. Iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé yẹ̀ wò. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tí ẹgbẹ́ Institute of Mathematical Statistics fi ń rántí Abraham Wald.

Kolozsvár, tó wà ní Ròmáníà lónìí, ni wọ́n bí Wald sí ní 1902. Júù ni. Nígbà tí àwọn Násì gba Austria, níbi tó ń gbé nígbà náà, ní 1938, ó sá lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Columbia.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n gbé ìbéèrè kan wá fún un: ẹni tó ń dán ohun ìjà wò, ṣé dandan ni kó yìn gbogbo iye tó ti pinnu kó tó dájọ́? Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbí. Ká ní ẹnì kan fẹ́ ra ẹyin rẹpẹtẹ, ó sì fẹ́ ju ogún sómi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ká gbà pé èyí tó bá léfòó ti bàjẹ́. Bí mẹ́fà àkọ́kọ́ bá léfòó ńkọ́? Wald ní, lẹ́yìn ẹyin kọ̀ọ̀kan, kó bi ara rẹ̀ pé: ohun tí mo ti rí yìí, ṣé ọjà tó dára ló jọ ni, àbí èyí tó ti bàjẹ́? Bí ẹ̀rí bá ti kọjá ààlà sí apá kan, kó dáwọ́ dúró, kó dájọ́. Bí kò bá tíì kọjá, kó mú òmíràn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: kí a tó mú ẹyin àkọ́kọ́ la ti gbọ́dọ̀ fa ààlà náà. Ẹni tó bá ń sún un kiri lẹ́nu iṣẹ́, ara rẹ̀ ló ń tàn. Ọ̀nà yìí lè dín ohun tí a óò dán wò kù tó ìdajì. Wald kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, Sequential Analysis, ní 1947.

Ní oṣù Kejìlá 1950, níbi tó ti ń dánilẹ́kọ̀ọ́ kiri ní Íńdíà, ọkọ̀ òfurufú já, òun àti ìyàwó rẹ̀ sì kú.

Ẹni tí wọ́n bá yàn fún ìrántí rẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹrin, wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan, lórí kókó kan ṣoṣo, kí ẹni tí kì í ṣe ọ̀mọ̀ràn nínú rẹ̀ náà lè bá a lọ. Lọ́dọ̀ tiwa, kíkí àwọn èèyàn jàǹkànjàǹkàn nìkan ti tó jẹ wákàtí kan! Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò irú ìrántí báyìí ní yunifásítì wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gé ìkíni kúrú, kí ẹ fún olùkọ́ ní ọjọ́ kejì.