Lésà fún Gílókómà: Ta Ló Yẹ Kó Ṣe É?

Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí àìsàn ojú kan tí kì í sábà dunni, tí kì í yúnni, síbẹ̀ tí ń fọ́ni lójú. Orúkọ rẹ̀ ni gílókómà.

Omi kan wà nínú ẹyinjú tí kì í ṣe omijé. Ojú ń pèsè omi yìí ní gbogbo ìgbà, omi náà sì ní ihò tóóró tó ń gbà jáde. Bí ihò náà bá dí, bí ìgbà tí pàǹtí bá dí gọ́tà, omi á pọ̀ jù nínú ẹyinjú, á sì máa tẹ iṣan tí ń gbé ohun tí a rí lọ sínú ọpọlọ. Díẹ̀díẹ̀, iṣan náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Èyí tó bá ti kú kì í jí mọ́. Kò sí oògùn, kò sí iṣẹ́ abẹ, kò sí lésà tó lè dá ìríran tó ti lọ padà. Èyí tó ṣẹ́ kù ni ìtọ́jú ń dáàbò bò.

Ìríran ẹ̀gbẹ́ ojú ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Àgbẹ̀ tó ní gílókómà lè máa rí ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ dáadáa, kó máa ka Bíbélì tàbí Kùránì, síbẹ̀ kó máa forí gbá ẹ̀ka káṣú nínú oko, kí ọ̀kadà sì máa yọ sí i lójijì lójú títì. Yóò ní ọjọ́ orí ló dé. Kó tó mọ̀, ojú kan lè ti lọ.

Láàárín 2005 sí 2007, àwọn olùwádìí lọ káàkiri Nàìjíríà, wọ́n sì yẹ ojú àwọn ènìyàn tó lé ní 13,000 wò, gbogbo wọn ló ti pé 40 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú 100 wọn, bí 5 ló ní gílókómà. Ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́ jù ni pé nínú 100 tó ní in, àwọn tó mọ̀ pé àwọn ní in kò tó 6. Bẹ́ẹ̀ ẹnì kan nínú márùn-ún wọn ti fọ́jú.

Oògùn tí a ń kán sójú ni ìtọ́jú tó wọ́pọ̀ jù. Ojoojúmọ́ ni, títí ọjọ́ ayé, owó rẹ̀ kì í sì í tán. Tímólólù, ọ̀kan nínú wọn tí ọ̀pọ̀ ń lò, léwu fún ẹni tó ní ásímà.

Lésà wá ni ọ̀nà mìíràn. Èyí tí wọ́n ń pè ní SLT kò la abẹ lọ. Aláìsàn á jókòó, á gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ. Wọ́n á kán oògùn tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora, wọ́n á gbé gíláàsì kékeré kan lé ẹyinjú rẹ̀, wọ́n á sì máa ta iná lésà náà sí ojú ọ̀nà tí omi ń gbà jáde, bí ìgbà 100. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, aláìsàn á sì lọ sílé lọ́jọ́ náà. Agbára rẹ̀ lè dín kù lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n wọ́n lè tún un ṣe. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí kan tó jáde ní 2019 fi hàn pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, bí 74 nínú 100 àwọn tó fi lésà bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú kò nílò oògùn kíkán rárá. Èyí tó sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ ni ti Moshi, ní Tanzania, tó jáde ní 2021: lẹ́yìn ọdún kan, lésà ṣiṣẹ́ fún 61 nínú 100 ojú, tímólólù fún 31 péré.

Ta ló wá yẹ kó ṣe é? Oríṣi oníṣẹ́ méjì ni aráàlú ń pè ní dókítà ojú. Ọ̀kan kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn gbogbo ara ní yunifásítì, ó sì tún fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ti ojú nìkan, títí dé iṣẹ́ abẹ; òun ni mo ń pè ní dókítà ojú níhìn-ín. Èkejì ni ọ́ptómẹ́tírísì. Òun náà ń lo ọdún mẹ́fà ní yunifásítì, ní Benin fún àpẹẹrẹ, lórí yíyẹ ojú wò, fífúnni ní gíláàsì àti dídá àìsàn ojú mọ̀. Òfin Nàìjíríà ti 1989 ló dá ìgbìmọ̀ tí ń fún wọn ní ìwé àṣẹ sílẹ̀. Ẹni tó ń kiri gíláàsì lọ́jà kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Oklahoma ṣe òfin ní 1998 pé ọ́ptómẹ́tírísì lè máa lo lésà. Kentucky tẹ̀ lé e ní 2011, Louisiana ní 2014, àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn sì ti ń tẹ̀ lé wọn. Ní 2016, ìwádìí kan jáde lórí àkọsílẹ̀ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà Oklahoma. Nínú 100 ojú tí ọ́ptómẹ́tírísì fi lésà tọ́jú, bí 36 ni wọ́n tún fi lésà tọ́jú lẹ́yìn náà. Ti dókítà ojú kò ju 15 lọ. Àwọn dókítà ojú ní ẹ̀rí ti dé nìyẹn. Àwọn ọ́ptómẹ́tírísì ní ìdajì ojú ọ̀nà omi náà ni àwọn máa ń kọ́kọ́ ṣe, àwọn á sì ṣe ìdajì tó kù lọ́jọ́ mìíràn, torí náà ẹ̀ẹ̀kejì kò fi hàn pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì láti Kábà lọ sí Ìlọrin mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé ìwòsàn kan ń kọ́ ọ́ptómẹ́tírísì wọn ní SLT, àmọ́ inú ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń ṣe é, pẹ̀lú dókítà ojú nítòsí.

Èrò tèmi ni pé títa iná yẹn gan-an kọ́ ló le jù. Ohun tó le ni mímọ ojú tó yẹ fún un, nítorí ojú tí ọ̀nà omi rẹ̀ ti pa dé pátápátá ń fẹ́ ìtọ́jú mìíràn. Lẹ́yìn lésà, ìfúnpá inú ojú àwọn mìíràn a máa lọ sókè lọ́jọ́ náà, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tó lè rọ̀ ọ́ wálẹ̀. Nítorí èyí, mo fara mọ́ ọn pé kí lésà wà lọ́wọ́ dókítà ojú ní tiwa ní Nàìjíríà. Bí ìjọba bá fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn fún ọ́ptómẹ́tírísì lọ́jọ́ iwájú, ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n tẹ̀ lé.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àríyànjiyàn yìí dá yín dúró. Ọ́ptómẹ́tírísì tó ní ìwé àṣẹ lè wọn ìfúnpá inú ojú yín, kó yẹ iṣan ojú wò, kó sì kọ lẹ́tà fún yín lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní Lọ́kọ́jà tàbí ní Ìlọrin. Ẹ kọ́kọ́ fi fóònù béèrè bóyá ẹ̀rọ lésà ibẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kí ẹ tó wọ mọ́tò. Ẹ̀yin tó ti pé 40 ọdún, ẹ lọ yẹ ojú wò lọ́dún yìí. Bí wọ́n bá ti rí gílókómà lára bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín, ẹ má dúró di 40 rárá.