Owó Wúrà Dàhòmì: Ṣe Báyìí, Má Ṣe Báyẹn

Bí wọ́n bá sọ fún ọ ní ọjà Ouando ní Benin pé ẹnìkan ní owó wúrà Dàhòmì tó fẹ́ tà, má sáré.

Mọ ohun tí ò ń wá. Ọdún 1971 ni Dàhòmì ṣe owó wúrà oríṣi mẹ́rin láti fi ṣàmì ọdún kẹwàá òmìnira: 2,500, 5,000, 10,000 àti 25,000 faransi. Wọ́n ṣe ti fàdákà pẹ̀lú. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká wúrà, kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Má wo iye tí wọ́n kọ sójú rẹ̀. Ẹyọ 25,000 kan ní ojúlówó wúrà tó tó gíráàmù 80 nínú!

Wọ̀n ọ́n kí o tó sanwó. Ẹyọ 2,500 gbọdọ̀ wọn gíráàmù 8.88, ẹyọ 25,000, gíráàmù 88.88. Lẹ́yìn náà, gbé ife omi sórí ìwọ̀n, dá ìwọ̀n padà sí òdo, fi òwú so owó náà, kí o rì í sómi láì jẹ́ kó kan ìdí ife. Ẹyọ 25,000 tòótọ́ yóò fi nǹkan bíi gíráàmù márùn-ún hàn. Bí ó bá lé ní mẹ́wàá, idẹ ni wọ́n fẹ́ tà fún ọ.

Má gbẹ́kẹ̀ lé mágínẹ́ẹ̀tì. Kì í fa wúrà, kì í sì í fa idẹ.

Má fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí eérú fọ̀ ọ́. Etí rẹ̀ ni kí o máa fi ìka dì mú, má fọwọ́ pa ojú rẹ̀. Má jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ wúrà ha á lórí òkúta, má sì jẹ́ kó jó òrùka mọ́ ọn fún ẹ̀gbà ọrùn. Ẹ̀ṣọ́ lásán ló dà nìyẹn, ìwọ̀n wúrà rẹ̀ nìkan ni wọn yóò san lé e lórí. Ó dùn mí gan-an bí mo bá rí irú rẹ̀.

Ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1975 ni Dàhòmì di Benin. Èyí tó bá ní orúkọ Dàhòmì pẹ̀lú ọdún tó tẹ̀ lé ìyẹn, fi í sílẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ìyá àgbà kan ló mú tirẹ̀ jáde, kí wọn dáadáa, béèrè bí ó ṣe dé ọwọ́ wọn, kí o kọ ọ́ sílẹ̀. Sọ iye tó tó gan-an fún wọn, kódà bí àpò rẹ kò bá gbé e. Má rẹ́ wọn jẹ.

Gba ìwé ẹ̀rí tí ìwọ̀n àti ọjọ́ wà lára rẹ̀. Bí o bá sì fẹ́ gbé e gba Ìgòlò kọjá sí Ìdìròkọ́, lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò.