Asọ̀rọ̀mágbèsì àti Àwọn Ọ̀rọ̀ Ẹ̀kọ́ Láti Ọ̀nà Jíjìn

Ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn ni orúkọ tó bá ètò ẹ̀kọ́ mu nígbà tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kò bá sí lójú kan náà. Àwọn kan ń pè é ní ẹ̀kọ́ òkèèrè, ṣùgbọ́n ìpè yìí ń ṣini lọ́nà. Bí Yorùbá bá gbọ́ òkèèrè, ìlú òyìnbó ni ọkàn rẹ̀ máa ń lọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ṣe ètò yìí lè má kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí ó fi gboyè. Ẹ̀kọ́ orí ayélujára náà kò tó láti dúró fún gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ka kan ni, òun sì ni àbíkẹ́yìn.

Lẹ́tà ló ṣáájú. Ní 1840, ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba pẹ́nì kan péré lórí lẹ́tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bó ti wù kí ibi tó ń lọ jìnnà tó nínú ìlú náà, Isaac Pitman bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà kọ́ àwọn ènìyàn ní ṣọ́táńdì, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀wé kíákíá. Akẹ́kọ̀ọ́ á fi àmì ṣọ́táńdì kọ ẹsẹ Bíbélì, á fi ránṣẹ́. Pitman á tún àṣìṣe ibẹ̀ ṣe, á sì dá ìwé padà. Nínú àlọ àti àbọ̀ ìwé yìí ni ẹ̀kọ́ gan-an wà. Ní 1858, Yunifásítì London ṣí ìdánwò oyè rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí kò kẹ́kọ̀ọ́ nínú ọgbà rẹ̀ rárá.

Rédíò dé lẹ́yìn lẹ́tà, Yorùbá sì sọ ọ́ ní ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, a-sọ̀rọ̀-má-gba-èsì ni. Ẹni tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ ti fọwọ́ kan àléébù tó tóbi jù nínú fífi rédíò kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀kọ́ kì í rìn láìsí èsì. Apàlọ́ á ké pé “Ààlọ́ o!”, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ àfi bí àwọn ọmọ bá dáhùn pé “Ààlọ̀!” Bí ó bá jẹ́ àlọ́ àpamọ̀, èsì ọmọ ni gbogbo eré náà dá lé. Èdè pàápàá ń jẹ́rìí sí i, nítorí ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, kọ́, ló ń ṣiṣẹ́ fún tọ̀túntòsì: olùkọ́ kọ́ wọn ní ìṣirò, àwọn náà kọ́ ìṣirò. Bí kò bá yé wọn, ó ṣòro láti fi gbogbo ẹnu sọ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn. Abéèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà, àmọ́ ọmọ tó jókòó ti rédíò kò rí ẹni bi.

Tẹlifíṣọ̀n ni ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń ṣi “má” inú rẹ̀ gbọ́. “Má” tó wà nínú asọ̀rọ̀mágbèsì jẹ́ ti àìṣe: kì í gba èsì. Ti amóhùnmáwòrán kò rí bẹ́ẹ̀. Mú àti àwòrán ló so pọ̀ di máwòrán, bí mú àti ohùn ṣe di móhùn. Ẹ̀rọ tó ń mú ohùn àti àwòrán wá papọ̀ ni. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 31 Oṣù Kẹwàá 1959, ẹ̀kọ́ wà lára ìdí tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fi dá a sílẹ̀. Àmọ́ òun náà kò gba èsì.

Open University ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1969, tó sì gba akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní 1971, wá ojútùú sí èyí. BBC ń gbé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n ìwé ń lọ sílé akẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ sì ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ó ń kọ èsì sí i. Ní Nàìjíríà, Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1974. National Open University ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun tì í ní 1984, wọn kò sì tún un ṣí títí di 2002.

Ayélujára ló dá èsì padà kíákíá. Ayé-lu-já-ara ni: ayé ti lu já sí ara wọn, ohùn ń lọ, ohùn ń bọ̀. Kò sídìí láti tú “online” ní tààrà kí a wá pe ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ní ẹ̀kọ́ orí ìlà, nítorí orí ìwé ni ìlà wà. Lórí Zoom, akẹ́kọ̀ọ́ lè dá ọ̀rọ̀ mọ́ olùkọ́ lẹ́nu lójú ẹsẹ̀; lórí WhatsApp, ó lè fi ìbéèrè sílẹ̀ di alẹ́. Ọpọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì tí ìjọba Ọ̀ṣun gbé jáde fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní 2013, kò tilẹ̀ nílò ayélujára kí ọmọ tó ka ìwé inú rẹ̀. Orúkọ tó dára ni, ó mú ọkàn lọ sí ọpọ́n Ifá. Ẹ̀rọ sì ni Ọpọ́n Ìmọ̀, kì í ṣe ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ìjọba lè ra ẹ̀rọ fún ilé ẹ̀kọ́. Ìmọ̀ ẹ̀rọ, kíkọ́ ni à ń kọ́ ọ.

Nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa ní Oṣù Kẹta 2020, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà padà sídìí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, torí dátà wọ́n, iná kò sì dúró. Kò sí àṣìṣe nínú èyí, níwọ̀n ìgbà tí èsì bá ní ọ̀nà tó lè gbà. Kí ilé iṣẹ́ rédíò tó bá ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ máa dárúkọ nọ́ńbà fóònù tí ọmọ lè pè, kí ó ní olùkọ́ tí yóò gbé e, kí ó sì dáhùn àwọn ìbéèrè náà lórí afẹ́fẹ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.